Ewì Gígùn Tí Mo Dáná Sun ní Openshaw

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n tú ohun tó wà nínú mi jáde lónìí. Ẹ má bú mi o, mo ti bú ara mi tó!

Ìbùkún, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń ka lítíréṣọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ní university. Lórí ewì gígùn ló ń kọ dissertation ẹ̀, irú èyí tó máa ń gba odindi ìwé, tí kò tẹ̀lé òfin kankan. Ó ṣàlàyé títí pé ewì yẹn ló kọ́ àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà pé èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ tó já sọ ìtàn tó pé. Mo ń sọ pé hẹn-ẹn, mo ń lọ uniform mi. Care worker tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílùú òyìnbó níbí, ta ló ráyè ewì?

Kò sọ fún mi pé òun náà ń kọ tiẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo lọ kó aṣọ ìdọ̀tí ní yàrá ẹ̀, mo rí ìwé kan lábẹ́ pílò. Orúkọ bàbá ẹ̀ ló kún inú ẹ̀! Ọkọ mi tó kú lọ́dún tó kọjá ní hospital ní Wigan! Ọ̀rọ̀ kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀, àlàfo gbàràgàdà láàárín. Wá. Jókòó tì mí. Má lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo ní òkú ti ń pe ọmọ mi.

Mo pe màmá tó ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní kí n da òróró sí i, kí n sun ún, kí n máa ka Sáàmù. Mo sun ún nínú páànù lẹ́yìnkùlé wa ní Openshaw níbí, mo ṣe àmín kíkankíkan.

Eérú ni Ìbùkún bá nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ń fìka wá inú ẹ̀.

“Mummy, Daddy ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí èémí wọn ṣe ń já ni mo ṣe kọ ọ́.”

Àṣé nígbà tí mo bá wà ní shift, òun ló ń jókòó ti bàbá ẹ̀ ní hospital, tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Ibi tí wọ́n bá ti dúró mí ló máa ń fi àlàfo sí. Kò tíì tẹ ìkankan sórí laptop.

Mo bi í bóyá wọ́n sọ nǹkan kan nípa mi. Ó ní ojú ewé mẹ́ta ni. Ó ní òun ò rántí ẹ̀ dáadáa mọ́, òun ò sì ní parọ́ mọ́ Daddy.

Ó ti kó lọ sí Rochdale báyìí. Ó máa ń pè lọ́jọ́ ìsinmi, ó á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí kò bá yé yín, ẹ bi ẹni tó ni ín kẹ́ ẹ tó máa bá a jà nínú àdúrà. Ṣé ẹ̀yin náà ti fọwọ́ ara yín ba nǹkan ọmọ yín jẹ́ rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ojú ewé mẹ́ta ni ọkọ mi fi sọ̀rọ̀ mi, mi ò sì ní mọ ohun tó sọ láyé mi.