Keturah àti Ṣáàjì Ọ̀sán

Kí Keturah Bámiṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì, tíṣà ni l'Érúwà, ẹnu rẹ̀ sì ń ba ọmọléèwé lẹ́rù. Nígbà tó padà sí Igbó-Ọrà, ìlú ọkọ rẹ̀, ó wá di ẹni tó ń fi ẹnu kan náà bẹ ọlọ́kadà. Ilé-iṣẹ́ kan láti Ìbàdàn ló kó ọ̀kadà oníbátìrì wá sílùú, tí wọ́n kọ́ ilé sólà tí gbogbo wọn á ti máa ṣáàjì. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú ganrínganrín, iná á pọ̀ lọ súà, ẹnìkan ò ní yọjú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ogójì ọ̀kadà á ya dé, iná á kú fin-ín. Keturah, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, ni ilé-iṣẹ́ náà gbà pé kó máa rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa wá lọ́sàn-án. Bí wọn ò bá yí padà láàárín oṣù mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ á tú sólà náà lọ síbòmíràn.

Màmá bẹ̀ wọ́n títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ là á bẹ òṣìkà kó lè tún ìlú ṣe; àwọn wọ̀nyí kì í tilẹ̀ ṣe òṣìkà, orí líle lásán ni.

"Màmá, bátìrì ṣì gbóná lọ́sàn-án," ni ọlọ́kadà kan wí. " Ṣé èèyàn tó ń làágùn lẹ máa da omi tútù lé lórí ni?"

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta náà pé, ó tọ Hàkímù, alága wọn, lọ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ni alága wí. "Wọ́n á wá."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn fẹ́ wá wò bóyá nǹkan ti yí padà, àwọn ọlọ́kadà wá lóòótọ́. Láti aago mọ́kànlá ni wọ́n ti ń dé, inú Màmá sì dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi wáyà sí iná.

"Alága ò tíì dé, Màmá," ni wọ́n wí. " A kì í ṣíwájú alága."

Aago méjì kọjá kí Hàkímù tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, ogójì wáyà sì wọ iná lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá pariwo pé kí wọ́n ṣe é níkọ̀ọ̀kan; ta ló gbọ́? Ẹ̀rọ tó ń pín iná bú gbàù lára ògiri, èéfín sọ, iná kú fin-ín.

Ọ̀gá tó ti Ìbàdàn wá mirí. "Màmá, ọ̀sán náà ti di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akẹ́rù dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sólà náà. Hàkímù wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, kí la ṣe tí ò dáa? Ṣebí ẹ ní ká wá lọ́sàn-án. Gbogbo wa la wá. Ẹyọ ẹnìkan ò kù nílé."

Màmá fà á dìde. Òótọ́ ni. Wọ́n ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kò sì sí ohun tó kù tó tún lè bẹ̀ wọ́n fún.