Òpó Iná Mẹ́rìnlá

Òpó iná mẹ́rìnlá ló wà láti ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ùsì dé ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìrọ̀lẹ́. Mo mọ iye wọn nítorí ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí fún ọdún mẹ́ta, n kò sì lè dé ìkarùn-ún mọ́ kí n tó jókòó sílẹ̀. Bí n kò bá padà sí kíláàsì kí ìdánwò tó dé, wọn yóò yọ orúkọ mi.

Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ilé ìwòsàn kan ní Ìdó, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ni mo sọ èyí fún. Ó wo fọ́tò eegun ẹ̀yìn mi, ó ní kò sí ohun tó ṣẹ́. Ó ṣàlàyé pé ìrora tó ti pẹ́ lára dà bí ajá tí gbígbó ti mọ́ lára: olè ti lọ tipẹ́, kò dákẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mí jẹ́jẹ́ nígbà tí ọkàn bá gbóná. Ó ní kí n máa rìn dé òpó méjì lóòjọ́, kí n máa fi ẹyọ kan kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí n má sì tíì ru ẹrù kankan.

"Lọ́jọ́ tó bá ń dùn yín, ẹ má dín in kù," ó wí. "Lọ́jọ́ tí kò bá dùn yín, ẹ má rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ará oko ti ń ba ara yín jẹ́."

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kíláàsì mi ní ìlà mẹ́fà, mo sì fàlà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi wà ní Èkó. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tí à ń pè ní Màmá, ni mo ń gbé. Àwa ìyàwó agbo ilé máa ń ṣe àáró ẹ̀gẹ́: a óò jọ wa ti ẹnì kan lónìí, a óò jọ rù ú gba abẹ́ àwọn òpó iná lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ó di ti ẹlòmíràn lọ́la. Obìnrin tó ń rìn lọ́wọ́ òfìfo láàárín àwọn tó rẹrù, kò sí ohun tí wọn kò ní pè é.

"Ẹ yà fún un," ni ìyàwó ilé kan máa ń wí. "Oníná ń lọ wo òpó."

Ọjọ́ tí mo dé òpó keje láìjókòó, inú mi dùn débi tí mo fi ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ka ìwé ilé ìwòsàn yẹn sí wa létí. A kì í fi ìmọ̀ pamọ́ fún ará ulé."

Mo dìde dúró bí ẹni fẹ́ ka ẹ̀kọ́ Bíbélì. "Ìlà kìíní: ìrora yìí kò túmọ̀ sí pé eegun bàjẹ́."

"Àmín," ni Màmá wí. "Ó tó. Pa á dé."

"Ó ku ìlà márùn-ún, Màmá."

"Mo ní ó tó. Ẹnu ara rẹ lo fi kà á pé kò sí ohun tó ṣe ọ́. Ọ̀la ni àáró tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀, ẹni méjì gbé bàsíà ẹ̀gẹ́ rù mí. Kò sí ẹni tó nà mí. Ìtìjú ló mú mi rù ú. Ní òpó kẹrin, ẹsẹ̀ mi òsì yẹ̀, èmi àti ẹrù sì dọ́gba nílẹ̀.

"Ẹ ṣa ẹ̀gẹ́ yẹn kí iyanrìn tó bà á jẹ́," ni Màmá wí. Wọ́n ṣà á tán kí wọ́n tó gbé mi.

Orí ẹní ni mo wà tí ìdánwò fi kọjá. Nígbà tí mo padà sí Ìdó, Àǹtí kò bá mi wí. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti òpó kan.

Ọdún kan gbáko ni mo fi ka òpó wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dé ìkẹrìnlá, mo tún forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì, mo jókòó ṣe ìdánwò dé òpin, mo sì yege.

Lẹ́yìn náà ni orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màmá. Fọ́tò ní kò sí ohun tó ṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ìyàwó mi," ó rọra wí, "ka ìwé ìjọ́sí fún mi."

Mo gbé e wá. Mo dìde dúró, mo ka ìlà kìíní, mo sì pa á dé.

Ojú rẹ̀ wà lára ìwé náà, ó ń retí èyí tó kù. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó di àárọ̀, mo sì jáde.