Làálì Ìyá Mi Lórí Gàtó Rafiatu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Kétu. Ó ti pẹ́ o! Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àsíá Faransé kalẹ̀ níwájú ilé ìjọba ni, tí wọ́n ta tiwa sókè, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé a ti gba òmìnira. Èmi ò tiẹ̀ ráyè òmìnira kankan. Iṣẹ́ gàtó, àkàrà òyìnbó, ni mò ń kọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ọmọ ìmàle àgbègbè Kpankou ló ń kọ́ gàtó òyìnbó lọ́dọ̀ màsẹ̀! Màsẹ̀ ni à ń pe àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ ní ilé ìdáná wọn. Èyí tó gbà mí ní àwọn bébà líle kan tó fi kọ́ sára ìṣó, tí wọ́n ti gé ọnà sí lára, ọnà tó ń lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn iṣu. Àwòṣe ni wọ́n. Tó o bá gbé ọ̀kan lé orí gàtó funfun, tó o ku kòkó lúbúlúbú sórí rẹ̀, tó o sì rọra gbé bébà kúrò, ọnà á ti jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìyá mi ni mo rántí.

Onílàálì ni ìyá mi. Tí ọmọbìnrin kan bá ń lọ sílé ọkọ ní Kpankou, tàbí Okpomèta, tàbí Odomèta, òun ni wọ́n ń pè kó wá fi làálì ya ọnà sí i lọ́wọ́. Kò ya ọ̀kankan sórí bébà rí. Ara ènìyàn ló ń yà á sí, tí onítọ̀hún bá sì ti fọ abọ́, tó fọ aṣọ, ọnà á lọ. Ẹ rò ó wò ná. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe láyé, kò sí ọ̀kan tó wà nílẹ̀!

Ohun kan tún wà. Tí ọnà bá ti ń parí lọ, wọ́n máa ń lé àwa tí a ò tíì lọ́kọ jáde nínú yàrá. Wọ́n á ní ká lọ pọnmi. A ò ní béèrè ìdí, a ó kàn gbé ìkòkò. Ọmọ onílàálì ni mí, síbẹ̀ n kò rí bí wọ́n ṣe ń parí làálì rí.

Ó wá kan ti Rafiatu. Ọmọ Odomèta ni, ó fẹ́ fẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Pobè. Ọkọ ìyàwó ní òun fẹ́ gàtó. Rafiatu ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí ọnà orí gàtó àti ọnà ọwọ́ òun jọ ara wọn. Màsẹ̀ gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ṣé wọ́n wá fẹ́ máa jẹ iṣẹ́ òun ni!

Ó fà mí jókòó. Ó ya ọnà tó ní lọ́kàn fún Rafiatu sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi, kí n lè máa wò ó ṣe àwòṣe. Ó fi àyè kékeré kan sílẹ̀ lófìfo ní ọrùn ọwọ́, kò ju ibi tí ìka lè bò lọ. Mo bi í léèrè ohun tó kù níbẹ̀. Ó ní kí n lọ pọnmi.

Ibà ló mú un lẹ́yìn ìyẹn. A rò pé ibà lásán ni, irú èyí tó ń mú gbogbo ènìyàn nígbà òjò. Ìyá mi kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà.

N kò sunkún. Ẹ má rò pé mo lọ́kàn akin o. Kò sí nǹkan kan nínú mi ni. Wọ́n ń kí mi kú ará fẹ́ra kù, mò ń dáhùn. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mo jẹ ẹ́, n kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo ń fọ abọ́ àwọn tó wá kí wa, mo sì ń rí i tí làálì ọwọ́ mi ń ṣí. Ìyẹn nìkan ló ń ká mi lára. Ohun tó kù nínú iṣẹ́ ìyá mi láyé wà lẹ́yìn ọwọ́ mi, ó sì ń bá omi abọ́ lọ.

Ni Ìyá Sàbítíù, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bá rí ọwọ́ náà. Ó figbe ta! "Làálì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀! Kí laráyé á wí? Gba ọsàn wẹ́wẹ́, kó o gba eérú, kó o bó o kúrò!"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ dà á kọ. Mo ti mú bébà tí wọ́n fi ń di bọ́tà wá láti ilé ìdáná màsẹ̀; ó ti mu ọ̀rá débi pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń hàn. Mo tẹ́ ẹ lé ọwọ́ òsì, mo sì ń fi lẹ́ẹ̀dì tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Bébà náà ń yọ̀. Mo tún un ṣe, ó tún yẹ̀. Ìyá Sàbítíù dúró tì mí pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe, ó jókòó, ó fi ìka di etí bébà mú fún mi títí mo fi parí. Kò tún dárúkọ ọsàn mọ́.

Mo fi abẹ gé ọnà náà jáde lára bébà yẹn ní ilé ìdáná. Màsẹ̀ rí àyè òfìfo yẹn, ó ní ṣé ká fi òdòdó kékeré kan dí i. Mo ní bí ìyá mi ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, n kò mọ ìdí rẹ̀, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ọgbọ́n ni? Rárá o! Ó rẹ̀ mí ni.

Ọjọ́ ìgbéyàwó, Rafiatu jáde pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ó ní tí kì í bá ṣe ìyá mi, kò sẹ́ni tí yóò ya làálì fún òun. Àwọn ènìyàn ń kùn. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan gàtó, Ìyá Rafiatu bọ́ síwájú tábìlì. Ó wo ọnà náà, ó wò ó, ó ní kí wọ́n bá òun wá kòkó àti ṣúgà tó ṣẹ́kù. Ó fi omi díẹ̀ pò ó, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì tẹ ìka náà mọ́ àyè òfìfo yẹn.

"Máa lọ, ọmọ mi," ló sọ fún Rafiatu. "Ọwọ́ mi wà lára rẹ."

Àwọn ìyá ilé bú sẹ́kún. Ẹnì kan ló ṣàlàyé fún mi pé ìka ìyá ìyàwó ni wọ́n fi ń parí làálì, pé nítorí ẹkún yìí ni wọ́n ṣe ń lé àwa ọmọge jáde. Mo wo ọwọ́ tèmi. Ọnà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àyè yẹn ṣì wà láàárín rẹ̀. Ìyá Rafiatu rí ibi tí mò ń wò. Ó tún ti ìka bọ kòkó, ó gba ọwọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Mo ní ẹ ṣé, mà. Ojú mi gbẹ. Wọ́n gé gàtó, wọ́n jẹ ẹ́ tán, mo fọ àwo, mo gbé ọwọ́ òsì sókè kí omi má kàn án, mo sì rìn lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èèrà ló jí mi. Wọ́n ti tò sí ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n ń lá ṣúgà. Mo gbọ̀n wọ́n dànù, wọ́n tún padà. Ni mo bá ń pariwo mọ́ èèrà pé tèmi ni, ẹ fi í sílẹ̀, tèmi ni! Ibẹ̀ ni Ìyá Sàbítíù bá mi. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún ìyá mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Tí ẹkún kò bá dé nígbà tí aráyé ń retí rẹ̀, ẹ má bá onítọ̀hún wí. Bébà bọ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀pọ̀ ìyàwó ni mo ti fi ṣe gàtó fún, n kò sì dí àyè náà rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹni yín fi sílẹ̀ tí ẹ ò tètè mọ ìdí rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Èmi náà ń fẹ́ gbọ́.