Fọ́ọ̀mù Tí N Kò Fi Ránṣẹ́

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dá gbé kí n tó lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ìyàwó mi ti kó lọ sí Sydenham pẹ̀lú ọmọbìnrin wa. Kò sí ariwo nínú ìkólọ náà, a kò jà rárá. Ó kàn sọ fún mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan pé ó ti rẹ òun láti máa bá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ gbé. Èsì tí n óò fún un ni mo ń wá lọ́kàn títí ó fi di ẹrù rẹ̀ tán. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì ní Leeds báyìí. Èmi nìkan ló kù nínú ilé wa ní Peckham, ní àjà kẹta, níbi tí fèrèsé ti máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn káàkiri ọsibítù ńlá kan ní Camberwell, láti wọ́ọ̀dù lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, láti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, a ti fẹ́ẹ̀ dé. Ẹ ká ẹsẹ̀ yín jọ, ẹnu ọ̀nà là ń gbà yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ẹnì kan délẹ̀, n kì í rí i mọ́. Bí mo bá sì ti wọ ilé mi, ẹnu mi padé nìyẹn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Dókítà ló ní kí n máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwa mẹ́jọ la wà nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ inú ilé kan, omi rẹ̀ kò ju àyà lọ, gbogbo wa rọ̀ mọ́ etí odò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa, ọmọdébìnrin kan tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju ọmọ mi lọ, ní kí a ki orí bọ omi. Mo ki tèmi bọ̀ ọ́. Bí mo ṣe gbé orí sókè ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ké lápá ọ̀tún mi pé, "Yéè! Mo kú o!" Kí n tó nu ojú tán, ẹlòmíràn ti dá a lóhùn lápá òsì: "Ẹ ò ní kú, Baba. Ẹ kàn fa omi símú ni."

Bí àwa mẹ́ta ṣe mọra nìyẹn. Ẹni tó ké yẹn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, díákónì sì ni nínú ìjọ kan tó ń ṣe ìsìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ẹnì kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Ó ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Rye Lane, ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sán Jímọ̀ láti lọ kírun. Uncle ni ó ń pè mí, ó ń pe Ẹ̀gbọ́n ní Baba.

Kí ooru ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè wẹ̀ láti ìkángun odò kan dé ìkejì. Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n mú ìwé ìkéde kan wá. Ìdíje ni, triathlon ìgbà òtútù. Èèyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò inú ilé, á bọ́ síta gun kẹ̀kẹ́, á sì sáré parí rẹ̀, láìsinmi láàárín, nínú oṣù Kejìlá.

"Nínú òtútù, Ẹ̀gbọ́n?" ni mo bi í.

"Ṣé ooru lo wá wá sí ìlú yìí ni?" ni ó dá mi lóhùn.

A bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni tiwa, kí àwọn èèyàn tó jí. Peckham Rye la ti ń pàdé, níbi pápá tó tẹ́jú. Kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ń gùn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n rẹ̀. Èmi ra àlòkù. Ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ gbàdúrà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà á ṣe Àmín, a ó wá gbéra. Tó bá di oṣù Kọkànlá, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fẹnu sọ. Mo ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti ọsibítù sábẹ́ ìbọ̀wọ́ onírun, síbẹ̀ ìka mi ń kú. Omijé á máa ṣàn lójú mi láìsí pé mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n a máa fi òrí kun ojú, ó ní ohun tí ìyá òun fi kun òun nínú ọyẹ́ nìyẹn. Tí oòrùn bá fẹ́ ràn, gbogbo iwájú orí rẹ̀ á máa dán.

Lẹ́yìn rẹ̀ la máa ń jókòó sínú ilé tíì kan, a ó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń tìtorí rẹ̀ jí. Ẹ̀gbọ́n á sọ ìtàn àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà á ní irọ́ ni, wọn á jọ máa jiyàn. Èmi kì í sọ tó bẹ́ẹ̀. Ariwo wọn kàn máa ń wọ̀ mí lára bí omi gbígbóná. N kò sọ fún wọn pé mo ń dá gbé. Wọ́n máa ń ní, "Ẹ bá wa kí ìyàwó o," èmi náà á ní, "Yóò gbọ́." Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ohun tí mo ń rò kò ju Sátidé lọ.

Ní Sátidé kan, Ẹ̀gbọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ní, "Tí ìdíje yìí bá lè parí báyìí, ẹnikẹ́ni ò ní rí mi níta ní àárọ̀ Sátidé mọ́ láyé."

"Ìyàwó mi ti sọ fún mi," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Ó ní lọ́jọ́ kejì ìdíje ni òun máa gba Sátidé òun padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbé búrẹ́dì ọwọ́ mi padà sí àwo. Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi kò ní ibòmíràn tí n ó padà sí?

Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ní aago méjìlá, ni wọn yóò ti ìforúkọsílẹ̀ náà. N kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó ti tábìlì láti aago mẹ́wàá, mo kọ orúkọ wa, ọjọ́ orí wa, àìsàn tó ń ṣe wá. Nígbà tó yá, fọ́ọ̀mù náà béèrè pé tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ni kí wọ́n pè. Ẹ̀gbọ́n ti fún mi ní nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fún mi ní ti tirẹ̀. Mo kọ méjèèjì síbẹ̀. Ó wá kan tèmi.

Mo kọ nọ́ńbà ìyàwó mi, mo pa á rẹ́. Mo kọ ti ọmọ mi, mo ronú pé Leeds jìnnà, mo pa òun náà rẹ́. Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, fọ́ọ̀mù kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní lọ. N kò ní purọ́: kì í ṣe àyè yẹn ló dá mi dúró. Mo lè kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Mo kàn jókòó ni, tí mo ń wo aago. Nígbà tó lu méjìlá, tí ojú ìwé náà yí padà pé wọ́n ti tì í, inú mi dùn pé Sátidé wa kò ní parí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún wọn pé àyè ti kún.

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ, wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí. "Ó dáa," ni ó wí nígbà tó pẹ́. "Bóyá bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Fóònù kan wà níwájú rẹ̀ tó ti tú ìdí rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Uncle, mo pe àwọn tó ń ṣe ìdíje yẹn bóyá ẹnì kan á yọwọ́ kí á lè rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kò kún. Wọ́n ní àyè ṣì pọ̀ títí wọ́n fi tì í."

Ooru mú mi lójijì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọdún mẹ́ta, Sydenham, àyè tí mo fi sílẹ̀ lófìfo, bí inú mi ṣe dùn nígbà tí aago lù. N kò rántí ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀.

"Ṣebí ẹ kàn lè sọ pé kí a máa wá bá yín jẹun ni, Uncle."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Ó tún mú irinṣẹ́ rẹ̀. "Èmi ò ní sọ fún Baba," ni ó wí. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún wọn."

Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n níbi tó ti ń sinmi láàárín iṣẹ́, ní Camberwell Green. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, tó ń jẹ àkàrà nínú bébà. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Kò bínú jáde, ìyẹn ló dùn mí jù.

"Mo dìde níwájú ìjọ," ni ó wí, "mo ní ibẹ̀ ti kún. Irọ́ rẹ lo fi sí mi lẹ́nu, àbúrò." Ó nu ọwọ́, ó padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Sátidé méjì ni kò fi wá. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń gun kẹ̀kẹ́ wa yípo pápá, a kò ní ohun tí a lè bá ara wa sọ. Ní Sátidé kẹta, mo rí iná kẹ̀kẹ́ kan tó ń bọ̀ lókèèrè, orúnkún onítọ̀hún ga. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó kí wa, ó gbàdúrà. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọ̀hún fún mi mọ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá sọ nǹkan fún un, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló forúkọ wa sílẹ̀ fún ìdíje mìíràn, ní Kent, nínú oṣù Kejì. "Nọ́ńbà ìyàwó mi ni mo fi síbẹ̀ fún yín," ni ó sọ fún mi. "Mo ti sọ fún un." Mo dúpẹ́.

Yìnyín tínńtín ń bọ́ lọ́jọ́ ìdíje. Mo wẹ̀ dáadáa, mo tilẹ̀ ṣáájú Ẹ̀gbọ́n jáde nínú omi. Ara mi kò gbẹ tán kí n tó fi ẹsẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀, àtàǹpàkò mi sì kú láti ibẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo èèyàn ré mi kọjá. Ó dé ibì kan tí n kò rí ẹnikẹ́ni níwájú, n kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, àfi oko funfun ní apá méjèèjì àti èémí ara mi. Mo ń sọ fún ara mi sókè pé, "Má bẹ̀rù, a ti fẹ́ẹ̀ dé." Eré sísá, n kò lè pè é ní eré. Nígbà tí mo dé òpin, wọ́n ti ń ká àwọn àsíá kan nílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti parí tipẹ́. Àwọn ọmọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà so mọ́ ọn lọ́rùn. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gbé kúlà ìrẹsì wá láti Lewisham, ó bu tèmi fún mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyàwó yín ńkọ́? Kò ráyè wá ni?" Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ kan èjìká ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà bojú wo ọkọ rẹ̀, ó wò mí, ó wá fi ẹran kejì sí àwo mi. Wọ́n pè mí pé kí n wá ya fọ́tò. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ àwọn méjèèjì kún fún ọmọ àti ẹrù, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi wọ ọkọ̀ ojú irin.

Inú ọkọ̀ náà ni mo ti pe ọmọ mi.

"Daddy? Ṣé kò sí nǹkan?" Ẹ̀rù ti ń bà á, nítorí n kì í pè é.

Mo sọ fún un ohun tí mo ṣe.

"Ẹ̀yin? Kẹ̀kẹ́? Swimming? Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọdún kan."

"Daddy, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Mo lè wá. Mo lè wọ train wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, bóyá omi náà tutù, bóyá mo ṣubú, kí ni mo jẹ. Mo ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ fi dé Lewisham, ó wá ní àkókò iṣẹ́ tí òun ń ṣe mọ́ ẹ̀kọ́ ti tó, òun ní láti lọ.

A kò pàdé ní Rye mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ìjà. Ìyàwó ọ̀dọ́mọkùnrin náà bímọ, wọ́n sì gbé Ẹ̀gbọ́n lọ sí gáréèjì mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá jẹun lọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, ó yin ọbẹ̀ mi, ó ń wo aago. Ara mi ṣì ń jí fúnra rẹ̀ ní Sátidé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo máa ń po ògì, mo máa ń mu ún lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ọmọ mi ti ń pè mí báyìí, ní ọjọ́ Àìkú. Láàárín ọ̀sẹ̀, tí mo bá rí nǹkan kan, mo máa ń kọ ọ́ sórí bébà kékeré: ajá kan tó wọ bàtà, ìyá àgbà kan tó ń kọrin lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo ń tì í lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń gbé bébà náà síwájú mi, kí ọ̀rọ̀ má bàa tán lẹ́nu mi kí tirẹ̀ tó tán.