Igi Elésè Àlùkò Tí Rájí Ń Wá Orúkọ Rẹ̀

Aago ni Rájí Adéríbigbé ń tún ṣe ní àdúgbò Noman's Land. Ọmọ Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n Kánò ló gbé dàgbà. Òun, Rahinat ìyàwó rẹ̀ àti Ramlat ọmọ wọn, ilé kan náà la jọ ń gbé ní Sabon Gari. Yàrá wọn kọjú sí tiwa.

Lọ́dún 1974, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road ránṣẹ́ pè é pé kó wá wo aago ara ògiri wọn. Ibẹ̀ ló ti rí igi kékeré kan tí òdòdó elésè àlùkò bò. Ó bi ẹni tó ń tọ́jú ọgbà pé kí ni wọ́n ń pe igi náà.

"Kalgo ne," ni ọkùnrin náà dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Abàfẹ̀ ni àwọn Haúsá ń pè ní kalgo. Lóòótọ́, ewé igi náà là sí méjì bíi pátákò màlúù, bí ewé abàfẹ̀ ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n abàfẹ̀ tí Rájí mọ̀ kì í yọ irú òdòdó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó padà lọ tọrọ èso mẹ́ta, gígùn, pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ, ó sì kó wọn sórí tábìlì nínú yàrá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nǹkan dún pàù! Rahinat fò dìde.

"Bàbá Ramlat, kí ló bẹ́ yẹn?"

Èso kan ló là fúnra rẹ̀. Èèpo rẹ̀ ti lọ́ bíi sípíríǹgì aago, kóró rẹ̀ sì fọ́n ká orí ẹní. Ẹ̀rín ni Rájí ń rín.

"Èso abàfẹ̀ kì í là. Nǹkan mìíràn lèyí."

Ó gbin kóró mẹ́rin sẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ jẹ mẹ́ta. Ó fi àbọ̀ dúrọ́ọ̀mù yí èyí tó kù ká, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ti ń ṣe àlùwàlá kí omi lè máa ṣàn sí i.

Nígbà tó yá, Beatrice Japhet, tíṣà Ramlat ní sẹ́kọ́ńdìrì, gbé ìwé kan wá.

"Ìbátan abàfẹ̀ ni, Bàbá Ramlat. Bauhinia ni ìwé pè é. Ṣùgbọ́n méjì ló jọra. Tẹ́ ẹ bá wo inú òdòdó, ẹ ó rí okùn tín-ín-rín tó ru lẹ́búlẹ́bú lórí. Ọ̀kan ní márùn-ún, èkejì ní mẹ́ta."

"A ó kà á, Tíṣà."

"Kí lẹ fẹ́ kà? Igi yín ò tíì ga tó orúnkún!"

Oṣù kọkànlá ọdún 1979 ló kọ́kọ́ tanná. Rájí fi dígí tó fi ń wo inú aago sójú, ó sì ránṣẹ́ pe Tíṣà. Ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin náà nígbà tó dé.

"Mẹ́ta ni!" ni Rájí wí.

"Bauhinia purpurea nìyẹn."

Rájí ní kó tún un pè, Tíṣà tún un pè, títí ó fi mọ́ Rájí náà lẹ́nu.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ramlat já òdòdó kan. "Baba, hudu ne!" Mẹ́rin ló kà. Tíṣà ní ìwé sọ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn.

"Nínú mélòó ni ọ̀kan fi ń ṣẹlẹ̀?" ni Rájí bi í.

Ìwé kò sọ. Láti ìgbà náà, kí Rájí tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, á kọ́kọ́ jókòó ti àwọn òdòdó tó bá rẹ̀ sílẹ̀, á máa ka okùn inú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rahinat á dúró tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ṣé mo lè gbálẹ̀ báyìí?"

"Ó ku mẹ́tàdínlógún."