Àjẹ̀ Ìyá Mi ní Òkìtìpupa

Ọjọ́ tí ogun wọ abúlé wa, ẹja mi wà lórí iná. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi máa ń rò pé ogun máa ń ránṣẹ́ kó tó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ń yí ẹja padà lórí ààrò nígbà tí ìbọn dún láti ìsàlẹ̀ odò, inú sì bí mi, torí mo rò pé àwọn ọ̀dọ́ ló tún ń yin báńgà. Ìgbà tí ilé kejì sí tiwa gbiná ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ìyá mi ti jókòó sínú ọkọ̀ aládùúgbò wa. Kò wọ bàtà, kò mú ẹrù, àfi àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ rẹ̀ tó gbé dání. Ẹ́ńjìnnì ló wà lára ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó wa nǹkan kan. Ó ní òun kò ní fi àjẹ̀ òun sílẹ̀ kí àwọn aláìmoore wá fi dáná.

Mo ké sí ìyá mi pé: "Ìye, ẹ dúró dè mí!"

"Mú ẹja yẹn dání!" Ohun tó fi dá mi lóhùn nìyẹn, ni ọkọ̀ wọn bá lọ.

Mo kó ẹja sínú abọ́, mo bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ẹja náà kò dé Igbókọ̀dá, ìlú tí ọkọ̀ wa forí lé. Kò tíì jinná tán, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jẹ ẹ́, ẹ̀rù ń bà wá, à ń jẹun lọ, ìbọn ń dún lẹ́yìn wa.

Ní Igbókọ̀dá, wọ́n ń kó èèyàn sínú lọ́rì bí ẹni ń kó pákó. Mo béèrè ìyá mi lọ́wọ́ ọkùnrin kan.

"Ṣé ìyá àgbà tó fẹ́ fi àjẹ̀ fọ́ dẹ́rẹ́bà lójú?"

"Àwọn náà ni, sà."

"Òkìtìpupa ni lọ́rì wọn lọ. Ọlọ́run á ṣàánú dẹ́rẹ́bà."

Tíṣà kan tó ti kọ́ni rí lábúlé wa ló gbà mí sílé ní Òkìtìpupa. Ilẹ̀ mọ́, mo jáde láti wá ìyá mi káàkiri àdúgbò. Ẹ má gbàgbé pé èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ibi tó jìnnà jù tí mo fẹsẹ̀ rìn dé láyé mi kò kọjá orí afárá pákó tó lọ sí ilé aládùúgbò wa. Ọkọ̀ là ń wọ̀ dé ibi yòókù. Kí oòrùn tó mú, ẹsẹ̀ mi ti wú.

Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tí wọ́n so síwájú ilé la fi ń dá ilé mọ̀. Èmi náà bá fi mọ́tò pupa tó wà níwájú ilé Tíṣà ṣe àmì. Ta ló sọ fún mi pé mọ́tò máa ń lọ síbi iṣẹ́? Nígbà tí mo padà, mo rí mọ́tò pupa, mo wọlé, mo ti fọ ẹsẹ̀ mi tán, mo ti jókòó, kí obìnrin kan tó jáde wá bi mí pé ta ni mí.

Ilé wọn kò ní ẹsẹ̀ bíi tiwa tó dúró lórí òpó nínú omi, ilẹ̀ ló jókòó sí. Àwọn kan mọ ọgbà gíga yí ilé ká, wọ́n tún to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀, mo sì bi ìyàwó Tíṣà pé kí ni àwọn tí wọ́n tì mọ́nú ibẹ̀ ṣe. Nídìí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, mo ké bí a ṣe ń ké látinú ọkọ̀:

"Ẹ̀yin ará ulí o, ẹ̀yin ará ilé! Ẹ rí ìyá mi?"

Ọkùnrin kan yọ orí lójú fèrèsé. "A ò ra ẹja lónìí!"

Kò jẹ̀bi. Mò ń rùn.

Mò ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ fún yín ni, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ìyá mi kò wọ bàtà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì mọ ẹnì kankan. Ẹ̀rù pé mi ò ní rí i mọ́ bà mí ju ìbọn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo ti ń wá a, òjò rọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú gọ́tà. Mo dúró, mo ń wò ó. Nílé, bí èèyàn bá ṣìnà láàárín àwọn odò kéékèèké, yóò jẹ́ kí omi tó ń fà gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni. Kékeré á já sí ńlá, lórí ńlá ni èèyàn wà. Mo bá tẹ̀lé gọ́tà. Mo kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọjá ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, mo gba àgbàlá onílé kan níbi tí wọ́n ti ń jẹun, mo kí wọn, mo sì kọjá. Ìyàwó Tíṣà ń sáré tẹ̀lé mi pẹ̀lú agbòjò.

"Yẹ́misí, ibo lò ń lọ?"

"Mò ń bá omi lọ, mà."

"Gọ́tà ni o!"

Gọ́tà náà já sí odò kan lábẹ́ afárá. Lórí òkúta níbẹ̀ ni ìyá mi jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi, àjẹ̀ rẹ̀ lórí itan. Obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé ilé òun ló ń sùn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, yóò padà wá síbẹ̀. Ó ní ìyá mi ń sọ pé ọmọ òun sọnù, omi ló máa bá wá.

Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọma mi, kí ló dá ọ dúró tó báyìí?"

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Ẹja dà?"

Ẹ̀rín àti ẹkún gbé mi lulẹ̀ sínú odò náà.

Nígbà tí ìjà parí, a padà sílé. Òpó tó jóná nìkan ló kù lójú omi. Kò sí ìró ẹ́ńjìnnì, kò sí ẹkún ọmọdé. Ìyá mi ń wa ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àjẹ̀ kan òpó kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ onílé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pe gbogbo wọn tán kó tó sunkún.

Ó ti sun oorun àìjí báyìí. Àjẹ̀ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀yin ń fi fóònù wá ọ̀nà, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ burúkú bá tún dé, tí ẹ ò rí mi, ẹ wá gọ́tà, kí ẹ bá omi rẹ̀ lọ. Màá ti jókòó síbi tó bá já sí. Kí ẹ sì mú ẹja dání.