Àfikún Tí Màmá Ọlátẹ́jú San

Ọjọ́ kìíní tí mo jáde lọ ta ìwé adójútòfò, díẹ̀ ló kù kí bàbá kan da omi ẹ̀gẹ́ sí mi lára ní Òsì-Èkìtì. Mo ti kí i tán, mo sì bi í pé, “Bàbá, tí àìsàn bá dá yín dùbúlẹ̀ lọ́la, ta ni yóò tọ́jú yín?” Bàbá gbé abọ́ tó fi ń fọ ẹ̀gẹ́ sókè.

“Àìsàn wo? Ta ni mo ṣẹ̀ tó rán ọ wá?”

Mo sáré. Nígbà tí mo ròyìn fún Ọ̀gá Fálọlá, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa n'Íkọ̀lé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Bọ́sẹ̀, má fi àìsàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ulé wọn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ darúgbó sí.” Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń fún mi ní àga.

Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé. Èèyàn ń san owó díẹ̀ lọ́dọọdún nígbà tí ara ṣì le, ilé iṣẹ́ á sì gbé ìnáwó rẹ̀ nígbà tí ara bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wa kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá sílé láti pààrọ̀ aṣọ ojú egbò, ẹni tí yóò kọ́ ẹsẹ̀ láti tún rìn, ọ̀tọ̀ ni owó ìyẹn. Àfikún là ń pè é. Mo jẹ́wọ́ pé fún odindi ọdún kan, n kò dárúkọ àfikún fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé n kò ka ìwé wa dé ibẹ̀.

Màmá Ọlátẹ́jú ló mú mi kà á. Olórí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni, opó, ó ń dá gbé ní Ayégbajú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà l'Ékòó àti l'ókè òkun. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ń fi bírò tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé.

“Kí ni wọ́n ń pè ní àfikún níbí yìí?”

“Mà, ẹ má dà á láàmú. Àwọn èèyàn kì í sábà gbà á.”

“Èmi kì í ṣe àwọn èèyàn. Kà á sókè.”

Mo kà á sókè. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Èyí gan-an ni mo ń wá. N kò ní lọ fi ọjọ́ ogbó mi jókòó sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Ékòó bí ẹyẹ inú àgò.” Ó sì gba àfikún.

Ọdún kẹta lẹ́yìn èyí, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, òjò rọ̀, Màmá yọ̀ ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn tó wà ní Ìdó, ó sì yọrí sí rere. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, Délé, àkọ́bí rẹ̀, ti gbé mọ́tò wá láti Èkó.

“Mọ́mì, ẹ ó bá mi lọ ni. Ta ni yóò máa gbé yín dìde ní Ayégbajú?”

Màmá nawọ́ sí mi, èmi tí mo wá kí i. “Bi Bọ́sẹ̀.”

Délé wò mí. Ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, òun yóò sì dúró ti Màmá ní Ayégbajú títí di ìgbà náà. Bí n kò bá rí nọ́ọ̀sì mú wá, Èkó ni ìyá òun ń lọ. Mo fi ìwé tí wọ́n fún Màmá nígbà tó ń kúrò ní ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ibi tí olú ilé iṣẹ́ wa wà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Àṣìṣe ńlá ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà, Ìbàdàn pè. Lẹ́tà dókítà fúnra rẹ̀ ni àdéhùn béèrè, tó sọ pé aláìsàn nílò nọ́ọ̀sì nílé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn. Agogo mẹ́rin ọjọ́ náà ni gbèdéke.

Mo gun ọ̀kadà dé Ìdó. Wọ́n ní dókítà wà ní ìsinmi, ó lọ bá ìyá rẹ̀ wa iṣu ní Àsin. Mo yí padà, mo gba Ọ̀yẹ́, mo gba Ìkọ̀lé kọjá, eruku bo ojú mi. Nínú oko ni mo ti bá a, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó jókòó sórí ebè, ó kọ lẹ́tà náà lórí orúnkún rẹ̀, ó sì ní, “Ẹ sáré, mà. Akọ̀wé tí òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń ti ọ́fíìsì ní agogo mẹ́ta.”

Mo sáré padà sí Ìdó, mo bá akọ̀wé níbi tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ láti ti ilẹ̀kùn. Ó lu òǹtẹ̀. Ní ilé ìtajà tí ẹ̀rọ fáàsì tó ń fi ìwé ránṣẹ́ gba wáyà tẹlifóònù wà, iná lọ bí mo ṣe wọlé, ẹni tó ni ibẹ̀ sì fa jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dáhùn. Ìwé náà rọra wọnú ẹ̀rọ. Mo dúró tì í. Fóònù mi dún, Ìbàdàn ni: “Ó ti dé. A ti fọwọ́ sí i.” Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ obìnrin tó ni ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ní ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì wọ ilé Màmá ní Ayégbajú. Délé dúró wo bó ṣe gbé ìyá rẹ̀ jókòó láìjẹ́ kó ké, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì dá nìkan wa mọ́tò rẹ̀ padà s'Ékòó.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo yà síbẹ̀ lójijì. Nọ́ọ̀sì ló jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ jáde. Mo bi í pé aláìsàn rẹ̀ dà. Kó tó dáhùn, Màmá Ọlátẹ́jú ti ilé ìdáná yọ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọ̀pá ní ọwọ́ kan, ife tíì ní ọwọ́ kejì. Ó rọra gbé e ka iwájú nọ́ọ̀sì, ó sì yíjú sí mi.

“Bọ́sẹ̀, jókòó. Ṣé kí n fi mílíìkì sí tìrẹ?”